Mo Mọ Póǹpù Tó Ń Ṣòótọ́, Mo Sì Pa Ẹnu Mi Mọ́

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe. Ẹ lè gbàdúrà náà tó bá yá, mi ò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí n máa sunkún bí mo ṣe ń sọ ọ́, kó yáa ṣí ojú ewé mìíràn.

Ìyá Olúyínká ni wọ́n ń pè mí ní Òdòde Ìdànrè. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà tó lè gba iwájú mi kọjá kí n má mọ̀ ọ́n.

Mo ní ọkọ̀ Míkírà kan. Èmi ni mo rà á, èmi ni mo ń wà á. Ọdún tó tẹ̀lé ikú ọkọ mi ni mo kọ́ ọkọ̀ wíwà, àwọn ènìyàn sì fi mí rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wọn. Ọkọ̀ yẹn ni mo fi ń kó ògẹ̀dẹ̀ láti Atosin. Òun ni mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ni mo fi ń lọ kí ẹni tó bá wù mí láì gun ẹ̀yìn ọlọ́kadà kankan.

Nígbà tí epo wá di ohun tí lítà kan ń sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan náírà, Olúyínká ọmọ mi àti Benedict ọkọ rẹ̀ wá láti Àkúrẹ́. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ mi. Nígbà tí wọn ò fọwọ́ kan ẹran tí mo gbé fún wọn, mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà.

"Màmá," ni Benedict wí, "ẹ jẹ́ ká ta ọkọ̀ yìí."

"Ìwọ àti ta ni?"

"Màmá, epo ti wọ́n. Ọjọ́ orí yín náà ń lọ. Gbogbo ìgbà lẹ óò máa pè wá pé owó epo ti tán."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti pè yín?"

Olúyínká dá sí i. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni, Màmá. Ní oṣù kẹta, ní oṣù karùn-ún, àti lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì yín."

Ọmọ tí mo fi owó ògẹ̀dẹ̀ rán níléèwé ló ń ka ọjọ́ sí mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

"Ó dáa," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ ká ṣe àdéhùn. Ọjọ́ tí mo bá tún pè yín fún owó epo, kí ẹ wá mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Bí mi ò bá pè yín, kí ẹnikẹ́ni má la ẹnu sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mi mọ́ láyé."

Benedict na ọwọ́ sí mi bí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ṣe máa ń ṣe. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Kí ẹ mọ ohun tí kọ́kọ́rọ́ yẹn jẹ́ fún mi. Obìnrin tó bá dé ọjọ́ orí mi tí kò ní ohun tó fi ń rìn, bí ẹrù ni àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ń gbé e kiri. Wọn á gbé e lọ sí Àkúrẹ́. Wọn á fi í sí yàrá tó wà lẹ́yìn kíṣíìnì. Wọn á máa sọ fún un láti àárọ̀ dalẹ́ pé, "Màmá, ẹ sinmi." Mi ò fẹ́ sinmi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ epo lò. Àárọ̀ kùtù ni mo ń lọ sí ilé epo, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù. Mi ò ra epo ẹgbẹ̀rún márùn-ún mọ́, lítà ni mo ń dárúkọ, nítorí ẹni tó bá ń dárúkọ owó kì í mọ iye lítà tí wọ́n wọ̀n fún òun. Mo ń dúró ti póǹpù, mo ń wo nọ́ńbà kó padà sí òdo kí wọ́n tó ki ẹnu rẹ̀ bọ ọkọ̀ mi. Mo kó gbogbo ẹrù tí kò wúlò kúrò nínú búùtù, títí kan àpótí irin tí ọkọ mi fi sílẹ̀. Mo ń fẹ́ táyà kó le dáadáa. Tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, mo ń gbé ẹsẹ̀ kúrò, kí òkè fúnra rẹ̀ máa tì mí lọ.

Síbẹ̀, epo ń tán.

Ó tán débi pé lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo ti mú fóònù, mo ti tẹ nọ́ńbà Benedict, ó ku kí ó dún. Mo pa á.

Ọjọ́ yẹn ni mo rántí bàbá mi.

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi ní Aládé. Ó ní òkúta kan tó mọ bó ṣe wúwo tó. Bí ó bá gbé kòkó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rà á, kò ní gbé àpò kankan sórí òṣùwọ̀n wọn àfi tó bá kọ́kọ́ gbé òkúta yẹn sí i. Bí òṣùwọ̀n bá sọ pé òkúta ti fúyẹ́ ju ti ìjẹta lọ, bàbá mi á ní, "Òkúta kì í rù." Á gbé kòkó rẹ̀ padà, á máa lọ sílé. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ìgbà náà ní irú òkúta bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá ní in, òun ni wọ́n ń jẹ.

Mo bi ara mi pé: òkúta tèmi dà?

Mo mú kẹ́ẹ̀gì funfun kan. Mo wá ìgò òróró onílítà kan, mo fọ̀ ọ́, mo ń fi í rọ omi sínú kẹ́ẹ̀gì náà. Bí mo bá ti rọ ọ̀kan, mo ń fi ìṣó gbígbóná fa ìlà síbi tí omi dé, títí ó fi pé mẹ́wàá. Mo da omi nù, mo sá kẹ́ẹ̀gì títí ó fi gbẹ.

Ilé epo tí mo ti ń rà wà ní ìgboro wa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Póǹpù mẹ́ta ló ní, obìnrin kan tó ń jẹ́ Tófúnmi, ìyá ọlọ́mọ méjì, ló sì máa ń dá mi lóhùn níbẹ̀.

"Lítà mẹ́wàá," ni mo wí, mo gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀ níwájú póǹpù kìíní.

Póǹpù kọ mẹ́wàá. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì sókè sí ojú oòrùn. Àárín ìlà kẹjọ àti ìkẹsàn-án ni epo dúró sí.

"Tófúnmi, wá wo nǹkan."

Ó wò ó. Ó wo ìlà, ó wo ojú mi.

"Màmá, ta ló fa ìlà yìí?"

"Èmi ni."

"Bóyá ìlà yín ò dọ́gba."

"Ṣé kí n pe àwọn tó tò sẹ́yìn yẹn kí wọ́n wá bá wa wò ó?"

Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó fà mí lọ sẹ́yìn jẹnẹrétọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀. Kì í ṣe èmi. Máníjà ló ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Póǹpù kìíní àti ìkẹta ni wọ́n fọwọ́ kàn. Ìkejì pé. Òun ni wọ́n fi sílẹ̀ de àwọn tó máa ń wá yẹ̀ wá wò."

"Àwọn ènìyàn tó wà lórí ìlà yìí ńkọ́?"

"Màmá, tiyín ni kí ẹ gbọ́. Tí ẹ bá ti dé, ẹ máa yà sí póǹpù kejì. Lítà mẹ́wàá yín á pé mẹ́wàá. Màá tún fi lítà kan ṣe èénì fún yín."

"Tí mo bá kọ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á lé mi. Wọ́n á mú ẹlòmíràn wá, ohun kan náà ni yóò sì máa ṣe. Ta ló jèrè rẹ̀?"

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ má sọ fún mi pé ẹ ò ní rò ó. Mo dúró sẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ yẹn, mo ń wo àwọn tó tò: ọlọ́kadà méjì, tíṣà kan tí mo mọ ìyá rẹ̀, ọkùnrin kan tó gbé ẹ̀rọ ìgégi lé èjìká. Gbogbo wọn ń wo nọ́ńbà tó ń sáré lójú póǹpù, wọ́n gbà á gbọ́.

Bàbá mi ì bá ti pariwo. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò ní ọkọ ọmọ tó ń dúró de kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

"Èénì yẹn," ni mo wí, "kó bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Bí mo ṣe ta ẹnu mi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ayé dùn mọ́ mi. Epo tó ń gbé mi ní ọjọ́ mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi ní ọjọ́ márùn-ún. Oṣù kan kọjá, oṣù méjì kọjá. Benedict pè mí.

"Màmá, ẹ ò pè wá."

"Mo pè yín lánàá láti kí yín."

"Nípa epo ni mo ń wí."

"Epo wo?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe gan-an? Ọkọ̀ mi ń mu epo bí ràkúnmí."

"Ẹsẹ̀ ẹ ló wúwo," ni mo dá a lóhùn. Inú mi dùn débi pé mo kọrin wọ ilé ìdáná.

Ibi tó ti bà jẹ́ ni ọ̀dọ̀ Hàfsátù.

Ó lé ní ogójì ọdún tí Hàfsátù ti jẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Oko kòkó ni àwọn òbí rẹ̀ wá ṣiṣẹ́ ní Ìdànrè nígbà tó wà ní kékeré, ó sì gbọ́ èdè Ìdànrè ju èmi tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ. Mùsùlùmí ni, aládùúrà ni mí, kò sí ọdún tí a kì í jẹ oúnjẹ ara wa. Ata ló ń lọ̀ fún àwọn ènìyàn. Ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀, epo ló ń mu, ilé epo kan náà la sì ti ń rà á.

Lọ́jọ́ kan mo gbé ata lọ, mo bá a tó dúró ti ẹ̀rọ náà, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó jalè.

"Ìyá Olúyínká, ẹ̀rọ mi ti di ọ̀mùtí o."

"Báwo?"

"Epo tí mo fi ń lọ ata ọjọ́ mẹ́ta, kò pé mẹ́ta mọ́. Ojú mi sì ni Tófúnmi ṣe ń wọ̀n ọ́n sínú kẹ́ẹ̀gì."

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. *Póǹpù kejì.* Ọ̀rọ̀ méjì péré. Ṣùgbọ́n Tófúnmi ti kìlọ̀ fún mi pé bí èrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya sí ìkejì, máníjà á bèèrè ìdí, á sì fọwọ́ kan òun náà. Ẹnu Hàfsátù kò sì ní ìlẹ̀kùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ẹni tó bá gbé ata wá ni yóò ti gbọ́.

"Bóyá ẹ́ńjìnnì ẹ ló ti darúgbó," ni mo wí.

"Bí àwa?"

"Bí àwa."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. 

Ó ní ta ni òun lè gbé e fún. Èmi yìí, pẹ̀lú ẹnu mi, ni mo júwe Olúsànmí mẹkáníìkì fún un. Olúsànmí tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá sì ti tú nǹkan palẹ̀, ó di dandan kó rí nǹkan. Ó ní inú rẹ̀ ti jẹ, ó ní àfi kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀.

Hàfsátù ní àgbò kan. Funfun ni, orí rẹ̀ dúdú. Láti kékeré ló ti ń bọ́ ọ de ọdún Iléyá, ó sì máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á máa jẹ èèpo iṣu. Bí Hàfsátù bá ké láti inú ilé, àgbò náà á dá a lóhùn. Ó tà á, ó fi owó rẹ̀ san ti Olúsànmí.

"Kí lo máa wá pa lọ́dún?" ni mo bi í.

"Ọlọ́run á ṣe é. Bí ẹ̀rọ bá ṣiṣẹ́, màá ra òmíràn."

Ẹ̀rọ ò yé mu epo. Kí ló fẹ́ mú un yé?

Oṣù kẹrin tí mo ti ń gba èénì wọlé. Mo gbé ata lọ, Hàfsátù kò dìde.

"Mo ti rí ẹni tó máa ra ẹ̀rọ yìí," ni ó wí. "Ọmọ mi tó wà ní Ọ̀rẹ̀ ní kí n wá máa bá òun gbé. Ó ní yàrá kan ṣófo."

"Yàrá wo?"

"Mo mọ̀ ọ́n? Ó ní ó wà lápá ẹ̀yìn."

Mo mọ yàrá náà. Kò sí ìlú tí kò sí.

Mo rò ó pé màá sọ fún un lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé dé, mo sún un sí ọjọ́rú. Ọjọ́rú dé, mo lọ ra epo, mo gba èénì mi, mo wá ń sọ fún ara mi pé kí n kọ́kọ́ lo èyí tán. Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ṣe ń rí? Kì í pariwo. Ọjọ́ ló máa ń sún.

Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, Benedict wá sùn sí ọ̀dọ̀ mi. Ní àárọ̀ Sátidé ó ní, "Màmá, mo fẹ́ kún táǹkì mi níbi tí ẹ ti ń ra tiyín kí n tó padà."

"Epo Àkúrẹ́ dáa jù."

"Màmá! Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé omi Ìdànrè dáa ju ti Àkúrẹ́ lọ, ẹ ní iyọ̀ wọn dáa jù, ẹ ní òjò wọn gan-an dáa jù. Ọjọ́ wo ni epo Àkúrẹ́ wá dáa?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo wa ọkọ̀ mi ṣáájú, ó tẹ̀ lé mi.

Mo yà sí póǹpù kejì bí ìṣe mi. Ó fẹ́ yà tẹ̀ lé mi. Tófúnmi na ọwọ́, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ lọ sí ìkíní." Mo wo iwájú, mo jẹ́ kó lọ. Ọkọ ọmọ mi ni o.

Hàfsátù wà níbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra epo tán ní póǹpù kìíní kan náà, èyí tí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ rẹ̀ máa fi dán an wò lọ́sàn-án. Ó wá fara ti fèrèsé ọkọ̀ mi, ó ń bá mi sọ̀rọ̀.

Benedict ní kí wọ́n kún un. Nọ́ńbà ń sáré. Ó sáré títí, ó dúró ní mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Benedict bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ dúró ná," ni ó wí. "Àádọ́ta lítà ni táǹkì ọkọ̀ mi ń gbà. Epo sì ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà tí mo dé. Ibo ni lítà méje yòókù wọlé sí? Ṣé abẹ́ ìjókòó mi lẹ rọ ọ́ sí ni?"

Àwọn ọlọ́kadà bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ọ̀gá, ẹ yẹ àpò ṣòkòtò yín wò!"

Máníjà jáde wá nínú káfútáànì funfun tó ń dán.

"Ọ̀gá, ẹ má ba orúkọ wa jẹ́. Epo wa pé. Tí ẹ ò bá gbà mí gbọ́, ẹ bi Màmá yìí. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń rà níbí. Màmá, ẹ bá wa sọ fún wọn. Ṣé a ti rẹ́ yín jẹ rí?"

Gbogbo ojú yí sí mi.

Kí n tó la ẹnu, Hàfsátù ti gbà á sọ. "Òótọ́ ló ń wí, Benedict. Ìyá ìyàwó ẹ yìí, ọmọ olókùúta ni. Bí ojóró bá wà níbí, òun ló máa kọ́kọ́ mọ̀, á sì ti sọ fún mi. Kò ní máa wò mí níran kí n ta àgbò mi lásán."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó rọrùn láti sọ pé, "Wọn ò rẹ́ mi jẹ." Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Láti oṣù mẹ́rin, wọn ò rẹ́ èmi jẹ.

Mo bọ́ sílẹ̀. Mo ṣí búùtù, mo mú kẹ́ẹ̀gì mi.

"Tófúnmi, lítà mẹ́wàá. Póǹpù kìíní."

"Màmá, kò tó bẹ́ẹ̀…" ni máníjà bẹ̀rẹ̀.

"Tà á!"

Ó tà á. Mo gbé e sókè. Gbogbo wọn rí i, àárín ìlà kẹjọ àti ìkẹsàn-án. Mo dà á sínú ọkọ̀ mi. "Ó yá, mẹ́wàá mìíràn. Póǹpù kejì." Èyí kan ìlà kẹwàá rẹ́gí.

Ariwo sọ. Ọlọ́kadà kan gbé ọwọ́ mi sókè bí ẹni tó borí nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́. "Ìyá wa! Ẹ kú iṣẹ́! Ẹ ti tú àṣírí wọn!" Benedict ń pàtẹ́wọ́. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo dúró, mo gba ìyìn náà. Ó dùn.

Tófúnmi sì ti rí i pé iṣẹ́ òun ti lọ.

"Ẹ má yìn wọ́n!" ni ó ké, ó ń sunkún. "Oṣù mẹ́rin ni wọ́n ti mọ̀! Ìkejì ni mo ń tà fún wọn, pẹ̀lú èénì! Ẹ bi wọ́n, ẹ bi wọ́n bóyá irọ́ ni!"

Ọlọ́kadà yẹn ju ọwọ́ mi sílẹ̀.

Máníjà rí ọ̀nà. "Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́! Àgbàlagbà ọlọ́pọ̀ ọdún…"

"Ìwọ pa ẹnu ẹ mọ́," ni mo wí fún un. "Olè ni ọ́. Èmi ni mo mọ̀ ọ́ lólè tí mo dákẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni, kálukú ni yóò sì gbé tirẹ̀." Mo wá yíjú sí èrò. "Bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ̀. Oṣù mẹ́rin."

Wọ́n bú mi. Tíṣà tí mo mọ ìyá rẹ̀ yẹn bú mi. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mi ò tẹrí ba, nítorí bí mo bá tẹrí ba, Hàfsátù ni mi ò ní rí, òun sì ni mo fẹ́ rí.

Kò pariwo. 

"Àgbò mi ńkọ́?" ni ó wí.

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo ní kó wọ ọkọ̀ kí n gbé e délé. Kò wo ẹ̀yìn.

Àwọn èrò ló ti ilé epo náà pa lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ó ṣí padà, póǹpù tuntun, máníjà tuntun. Tófúnmi ń ta búrẹ́dì ní Aládé báyìí. Bí mo bá lọ rà, á di búrẹ́dì fún mi, kò ní kí mi.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n kúrò nípò Ìyá Àdúrà fún ogójì ọjọ́. Mo ní ó dáa. Wọ́n ní kí n wá jẹ́wọ́ níwájú ìjọ. Mo ní mo ti jẹ́wọ́ nílé epo, èrò ibẹ̀ pọ̀ ju ti ìjọ lọ.

Olúyínká àti Benedict wá jókòó sí pálọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Màmá," ni Benedict wí, "ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Ṣé mo pè yín fún owó epo?"

"Màmá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá…"

"Ìbéèrè ni mo bi ọ́."

"Ẹ ò pè wá, Màmá."

"Àdéhùn wa kò sọ ohun mìíràn. Gbèsè tí mo jẹ, ẹ̀yin kọ́ ni mo jẹ ẹ́."

Olúyínká dìde. "Màmá, ojú ò tiẹ̀ tì yín?"

"Ojú ń tì mí. Ojú ń tì mí gan-an. Ṣé ìtìjú mi lẹ fẹ́ fi ra ọkọ̀ mi ni?"

Wọ́n lọ. Lọ́jọ́ kejì mo lọ ra àgbò kan, mo tì í sẹ́yìn Míkírà, ó ń ké, ó ń tàpá sí ẹ̀yìn ìjókòó mi títí mo fi dé ọ̀dọ̀ Hàfsátù.

Ó ń fọ ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀. Kò tíì tà á. Mo fún un ní owó tí Olúsànmí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbà á, ó dì í sí etí ìró.

"Dá àgbò yẹn padà," ni ó wí.

"Ó sanra ju tìẹ lọ."

"Mo ní dá a padà. Tèmi mọ ohùn mi. Ta ni mo fẹ́ máa pè nínú èyí?"

"Hàfsátù, kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Sọ ohun tó mú ọ ṣe é fún mi."

Mo sọ fún un. Mo sọ ti àdéhùn, mo sọ ti Benedict, mo sọ ti yàrá ẹ̀yìn kíṣíìnì ní Àkúrẹ́. Ó gbọ́ ọ tán. 

"Kí ìwọ má baà lọ gbé inú tìẹ," ni ó wí, "o fẹ́ kí èmi lọ gbé inú tèmi ní Ọ̀rẹ̀."

 

Ó na ọwọ́ tó kún fún ata sí mi. "Mú un wá."

"Kí ni?"

"Kọ́kọ́rọ́."

Èyí tí mi ò fún ọmọ mi. Èyí tí mi ò fún ọkọ ọmọ mi. Mo tú u kúrò létí ìró mi, mo fi lé e lọ́wọ́. Àgbò ṣì wà nínú ọkọ̀, ó ń ké. Hàfsátù ní kí n sọ ọ́ kalẹ̀, kí n fi ẹsẹ̀ mú un lọ. Mo fà á gba àárín ìgboro, àwọn ọmọ ń tẹ̀ lé wa, ẹnikẹ́ni tó bá wò mí, mo wò ó padà.

Hàfsátù kò lọ sí Ọ̀rẹ̀ mọ́. Epo rẹ̀ ti ń pé ọjọ́ mẹ́ta. Ìṣó kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ mi wà.

Gbogbo àárọ̀ ni mo ń lọ.

"Níbo?" ni yóò wí, kò ní gbójú sókè.

"Atosin."

"Kí lo fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Ògẹ̀dẹ̀."

Ọjọ́ mìíràn, á fún mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọjọ́ mìíràn, á lọ ata gbogbo ẹni tó bá mi níbẹ̀ tán kó tó rí mi. Àwọn ènìyàn á bi mí pé, "Màmá, kí lẹ̀ ń dúró dè?" Mi ò ní parọ́. "Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi ni," mo máa ń wí, ohùn mi á sì ròkè ju ti ẹ̀rọ lọ.

Olúyínká ní àbùkù ni. Ó ní obìnrin tó ti tó báyìí ń tọrọ ohun ìní ara rẹ̀ láàárọ̀. Mo ní kó lọ tọ́jú ilé ọkọ rẹ̀. Ó sàn kí n tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí mo ṣẹ̀ ju kí n kó o fún ẹni tó fẹ́ kí n sinmi.

Ẹ̀yin náà tí ẹ mọ póǹpù tó pé ní àdúgbò yín, tí ẹ mọ alápatà tí òṣùwọ̀n rẹ̀ ń parọ́, tí ẹ dákẹ́ nítorí pé tiyín ń pé: ẹ má wulẹ̀ mi orí sí mi. Mo mọ̀ yín. Ẹ lọ sọ fún ọ̀rẹ́ yín lónìí, kó tó ta nǹkan rẹ̀.

Lánàá, Hàfsátù ní "Níbo?" Mo ní ibi tó bá wù mí ni. Ó wò mí, mo wò ó. Ó padà sídìí ata rẹ̀. Mo dúró títí di ọ̀sán kó tó sọ kọ́kọ́rọ́ náà sí mi. Mo hán an lọ́wọ́ kan, mo sì lọ síbi tó wù mí.